Kọ́kọ́rọ́ Yàrá Gìtá

Yàrá Kẹrìnlá,
Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́kùnrin,
Ilé-Ifẹ̀.
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kejì, ọdún 1981.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékúmù. Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti Ilé-Ifẹ̀ níbí. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àmójútó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ orin. Mo gbà á ládùúà pé orúnkún ọ̀tún tó ń dùn yín nígbà tí mo kúrò nílé ti fi yín sílẹ̀, àti pé ikọ́ eruku kò yọ Màmá lẹ́nu mọ́ nídìí ìkòkò aró. Bí ẹ bá bèèrè èmi náà, ara mi le, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀. Ẹ máa rí ìdí rẹ̀ kí ẹ tó ka ìwé yìí tán.

Ẹ ti sọ fún mi pé kí n má fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé sí yín láé, kí ẹ má bàa máa wá ẹni tí yóò ka ọ̀rọ̀ ọmọ yín fún yín. Inú mi dùn sí òfin yẹn lónìí, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ kò yẹ kí ẹlòmíràn gbọ́ ṣáájú yín. Ìgbà kẹrin nìyí tí mo bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí. Mo ti ya mẹ́ta àkọ́kọ́. Nínú èkínní, mo dá ọyẹ́ lẹ́bi. Nínú èkejì, mo dá ẹ̀yin lẹ́bi. Nínú ẹ̀kẹta, mo bẹ̀bẹ̀ títí débi pé n kò rántí sọ ohun tí mo ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí àyà mi tó tún já. Adépéjú kọ́ ló ba gìtá yín, Kùmásí, jẹ́. Èmi ni. Kò gbàgbé láti dẹ okùn rẹ̀. Èmi ni mo fún okùn náà le, èmi náà ni mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ikùn gìtá náà fi là.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ìwé yìí sílẹ̀ níbí kí ẹ lọ mu omi, ẹ lọ mu omi. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá padà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìyókù.

N kò lè sọ pé n kò mọ iyì ohun tí mo bàjẹ́. Mo ti gbọ́ ìtàn Kùmásí ju bí mo ṣe gbọ́ ìtàn ìbí ara mi lọ: bí Bàbá Àgbà Mọ́nsúrù ṣe di aṣọ fún yín pé kí ẹ lọ tà á fún àwọn ará wa tó wà ní Gold Coast, bí ẹ ṣe dé Kùmásí tí ẹ bá bábà kan tó ń ta gìtá nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárín orí kan àti orí kejì, bí ẹ ṣe jẹ́ kí ó fá orí yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo kí ẹ lè rí àyè jókòó gbọ́ ọ. Mo mọ̀ pé ẹ ra gìtá náà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ gbé e wálé, tí Bàbá Àgbà ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ní wọ ilé òun, tí ẹ fi lọ gbé e pamọ́ sáàárín pákó ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá Josiah káfíńtà, bàbá Adépéjú, fún odidi ọdún mẹ́fà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ẹ bá ti ní, "Orí mi dán bí abọ́ tánganran nígbà tí mo dé Abẹ́òkúta," gbogbo èèyàn a máa rẹ́rìn-ín. Èmi náà a rẹ́rìn-ín. Àmọ́ mo máa ń rò ó nínú ara mi pé ta ni bàbá mi lè fá orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta nítorí rẹ̀ nínú àwa ọmọ.

Ẹ ò mọ̀ pé mo ń jowú gìtá, Bàbá. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́. Ọkùnrin tó ti wọ ilé-ìwé gíga ń jowú igi àti okùn! Ṣùgbọ́n méje ni wọ́n nínú yàrá yẹn, àwa ọmọ yín jẹ́ méjì péré, èmi àti Sàfúrátù, ẹ sì mọ ara gìtá kọ̀ọ̀kan bí ẹni mọ ara ọmọ jòjòló. Ẹ mọ èyí tí ọrùn rẹ̀ tẹ̀, èyí tí ohùn rẹ̀ máa ń há lásìkò òjò, èyí tí kò fẹ́ kí a gbé e síbi tí oòrùn ti ń wọlé. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí a ń kọ fọ́ọ̀mù ilé-ìwé yìí? Wọ́n bèèrè ọjọ́ ìbí mi. Ẹ nàgà lójú fèrèsé, ẹ ké sí Màmá nídìí aró pé, "Ìyá Mọ́ṣúdù, ọjọ́ wo gan-an la bí ọmọ yìí?" Màmá dáhùn pé, "Ṣé kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ gbé Pupa wálé ni?" Ẹ pàtẹ́wọ́, ẹ ní, "Áà! Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹta! Ọjọ́ Sunday ni, lẹ́yìn tí a kírun ìrọ̀lẹ́!" Ẹ rẹ́rìn-ín, Màmá rẹ́rìn-ín, mo bá yín rẹ́rìn-ín, mo sì kọ ọjọ́ tí gìtá oníná kan wọ ilé wa sínú fọ́ọ̀mù mi.

Màmá pàápàá wà nínú ẹ̀sùn tí mo ń kà yìí. Gìtá kọ̀ọ̀kan ló ní àpò àdìrẹ tirẹ̀, èyí tí Màmá fi ìyẹ́ adìyẹ ya àwòrán sí lára, tí wọ́n sì rẹ sínú aró títí ó fi mu ún dáadáa. Aṣọ ìbora tí wọ́n fún mi wá sí Ifẹ̀, láti inú àwọn tí kò tà ní Ìtòkú ni wọ́n ti fà á yọ. Àárọ̀ àkọ́kọ́ tí mo jí nínú rẹ̀, mo ti di aláwọ̀ aró láti ọrùn dé àtàǹpàkò. Olújìmí, ẹni tí a jọ ń gbé yàrá, wò mí, ó ní, "Ìwọ ará Ẹ̀gbá yìí, ṣé bí wọ́n ṣe ń bí yín nìyẹn ni, tàbí ẹnì kan rẹ ọ́ sómi?" Aláró ni wọ́n fi ń pè mí di òní. Bí mo ṣe ń fi ọṣẹ bó ara mi, ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé aró àpò Kùmásí kò yí i lára rí.

Ẹ lè ní, kí ló dé tí n kò sọ pé mo fẹ́ kọ́ ọ? Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà náà. Ẹ ń fi orin dánra wò lágbàlá, ẹ sì sinmi kí ẹ jẹ ẹ̀pà. Mo gbé gìtá tí Láwàlì fi ń gbè yín lẹ́sẹ̀, mo ta á díẹ̀. Láwàlì fi ẹ̀pà sílẹ̀, ó ní, "Ẹ dákẹ́, ẹ gbọ́! Mọ́ṣúdù ń họ ìkòkò ẹ̀bà fún wa! Ọmọ Onígìtá, ìka bí ọmọ odó!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà ẹnu Láwàlì fi há a lọ́fun. Mo wo ojú yín. Ẹ ń yí etí gìtá kan, ẹ ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ẹ kàn ní, "Mọ́ṣú, gbé e síbi tí o ti gbé e. Ṣé o ti ka ìwé rẹ?" Mo gbé e síbẹ̀. Mo lọ ka ìwé mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ìwé, Bàbá, títí mo fi ka ara mi dé Ifẹ̀.

Ọdún yẹn gan-an ni Adépéjú wá. Bàbá rẹ̀ rán an pé kó gbé góòmù tí ẹ fẹ́ fi lẹ ọrùn gìtá wá fún yín. Mo wà lójú fèrèsé pẹ̀lú ìwé ìṣirò mi, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ilé, sà. Bàbá mi ní kí n gbé góòmù wá. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ kọ́ mi ní gìtá." Báyìí ló ṣe so wọ́n mọ́ra, bíi pé góòmù àti gìtá jẹ́ iṣẹ́ kan náà tí wọ́n rán an. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní kó padà wá lọ́la. Ó wá lọ́la. Ẹ tún ní lọ́la. Ọjọ́ kẹta, òjò ń rọ̀ bíi kí ó gbé gbogbo Kemta lọ. Ó da ọ̀rá borí, ó wá. Ẹ mú Kùmásí sọ̀kalẹ̀ lára ògiri, ẹ ní, "Ẹni tó bá bèèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó fẹ́ ẹ nìyẹn." Mo pa ìwé ìṣirò mi dé.

Ọdún márùn-ún nìyẹn. Ó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Ìbarà báyìí, síbẹ̀ kì í rẹ̀ ẹ́ láti yà ní ilé wa kó tó lọ sílé wọn. N kò lè purọ́, ọmọ náà mọ̀ ọ́n ta. Tí ó bá ń ta Kùmásí, Màmá a dá ọwọ́ dúró nínú aró. Bí ó bá jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́n ta ni, ì bá rọrùn fún mi láti fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ pè é ní ọmọ yín níwájú mi rí. Ẹ lè má rántí. Ó ta orin kan tán, ẹ gbá orúnkún yín, ẹ ní, "Ọmọ mi!" Omi mímu ni mo gbé wá fún yín nígbà náà. N kò mọ̀ pé mo ti ń da omi náà sí ẹsẹ̀ ara mi.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ló wá ká mi lára jù. Méjì péré ni kọ́kọ́rọ́ yàrá gìtá. Ọ̀kan wà lọ́rùn yín, Adépéjú ni ẹ sì fún ní èkejì. Inú àpò kan náà tó ń kó sísọ́ọ̀sì sí ló ń fi í sí. Èmi, ọmọ tí ẹ bí nínú ilé náà, mo ní láti kan ilẹ̀kùn.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ ń lọ sí Ìlọrin fún ọjọ́ mẹ́rin nínú oṣù kejìlá, tí ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn ara yín tí ẹ fi lé mi lọ́wọ́, ẹ ò mọ ohun tí ẹ ṣe fún mi. Mo rò pé Adépéjú lẹ máa pè. Ẹ ní, "Mọ́ṣú, ọyẹ́ ti dé. Igi ni gìtá, òùngbẹ máa ń gbẹ wọ́n. Máa bu omi sínú abọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nígun yàrá láràárọ̀. Máa rẹ kànìnkànìn inú àpò wọn. Àwọn tó wà nínú ilé yìí nìyẹn tí wọn kò lẹ́nu láti fi sọ pé àwọn ń fẹ́ omi." Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo gbálẹ̀ yàrá yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Mo dúró láàárín wọn, mo sì rò pé bóyá a lè bá ara wa gbé.

Àárọ̀ ọjọ́ náà kan náà ni Adépéjú yà wọlé kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ó ta Kùmásí bí ìdajì wákàtí. Nígbà tó parí, mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mo sì gbọ́ ọ tó ń dẹ okùn náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, bí ẹ ṣe kọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìlà sí abẹ́ gbólóhùn yẹn.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n kírun ọ̀sán ni Sàfúrátù bá mi nídìí kànga. Inú rẹ̀ ń dùn. Kò ní èrò burúkú kankan lọ́kàn. Ó ní, "Bùọ̀dá mi, ṣé ẹ ti gbọ́? Bàbá fẹ́ fún Adépéjú ní Kùmásí! Ọjọ́ tí wọ́n bá lọ gba orin sílẹ̀ nílé-iṣẹ́ rédíò ní Ìbarà ni wọ́n máa fún un, níwájú gbogbo ẹgbẹ́." Mo ní, "Ó dáa." Mo fa omi mi. N kò rántí bí mo ṣe gbé e dénú ilé.

Màmá wà ní Ìtòkú. Mo ṣí yàrá, mo yọ Kùmásí nínú àpò rẹ̀. Mo fún okùn rẹ̀, mo mú ìwo pẹlẹbẹ tí ẹ máa ń fi ta á, mo jókòó sórí àpótí tí Adépéjú máa ń jókòó lé, mo sì gbìyànjú orin tó ta láàárọ̀. Ìkòkò ẹ̀bà ni mo tún ń họ. Mo rò pé bóyá okùn náà kò le tó ni. Mo fún un sí i. Kò dùn. Mo tún fún un, títí okùn náà fi ń dún tín-ín bí ẹ̀fọn. Ni mo bá gbọ́ ohùn Màmá lẹ́nu géètì. Mo ti gìtá bọ àpò, mo gbé e kọ́, mo ti ilẹ̀kùn, mo sá lọ sẹ́yìnkùlé. Orí ìrun ìrọ̀lẹ́, nígbà tí mo fi iwájú orí kan ilẹ̀, ni mo rántí pé n kò dẹ okùn.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti bá mi wí nìyí, Bàbá, kì í ṣe ibi tó ṣáájú. Ìbẹ̀rù ló mú kí n sá. Àmọ́ ní ọjọ́ kejì ẹ̀rù kò bà mí. Mo wọ yàrá láàárọ̀, mo bu omi sí abọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo rẹ kànìnkànìn gìtá mẹ́fà. Mo dé ọ̀dọ̀ ìkeje, ọwọ́ mi dúró. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú kan lọ tí a fi ń dẹ okùn mẹ́fà, kò ju ìṣẹ́jú méjì. Mo rántí ohun tí Sàfúrátù sọ. Mo sọ nínú ọkàn mi pé: jẹ́ kó dà bíi pé òun ló gbàgbé. Mo jáde. Bákan náà ni mo ṣe ní ọjọ́ kẹta. Ìyá tó ń kọ́ Adépéjú níṣẹ́ kò jẹ́ kó rí àyè wá mọ́ nítorí aṣọ ọdún Kérésì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrin, mo gbọ́ ohun kan láti yàrá, pá, bí ìgbà tí igi ìdáná gbẹ bá ṣẹ́. Màmá ní, "Kí nìyẹn?" Mo ní, "Eku ni."

Ẹ rántí bí ẹ ṣe dé. Ẹ yọ Kùmásí, ẹ rí ibi tó là láti ẹnu ihò dé ìsàlẹ̀, ẹ sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìbọ́ bàtà. Ẹ ò pariwo. Ì bá sàn ká ní ẹ pariwo. Nígbà tí gbogbo wa pé, ẹ ní, "Ta ló lò ó gbẹ̀yìn?" Kí n tó la ẹnu, Adépéjú ti kúnlẹ̀: "Èmi ni, sà." Ẹ ní, "Ṣé o dẹ okùn rẹ̀?" Ó ní, "Mo rò pé mo dẹ̀ ẹ́, sà." Ẹ ní, "O rò?" Ó kàn bọ ọwọ́ sínú àpò, ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde láàárín sísọ́ọ̀sì àti abẹ́rẹ́, ó sì gbé e sórí tábìlì níwájú yín. Ẹ ò sọ fún un pé kó mú un padà.

Kò sí ẹni tó wò mí. Kò sí ẹni tó bèèrè lọ́wọ́ mi, èmi tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi fún ọjọ́ mẹ́rin! Gbogbo ilé ló mọ̀ pé Mọ́ṣúdù kì í ta gìtá, nítorí náà Mọ́ṣúdù kò lè ba gìtá jẹ́. Ẹ gbọ́ bí ọkàn mi ṣe burú tó: mo dúró síbẹ̀, ara tù mí pé wọn ò fura sí mi, mo sì tún ń jowú pé òun ni wọ́n fura sí.

Nígbà tí mo ń padà sí ilé-ìwé, Màmá sìn mí dé gáréèjì Kútọ̀. Mo sọ̀rọ̀ kan tí n kò rò tẹ́lẹ̀. Mo ní, "Bàbá ò tiẹ̀ ronú láti kọ́ mi rí." Màmá wò mí bí ẹni tó rí ọmọ tó gbé bàtà òdì wọ̀. Wọ́n ní, "Kí o tó bèèrè? Ṣé o ò mọ bàbá rẹ ni? Bàbá Àgbà fi ẹgba kọ́ wọn lówò aṣọ. Wọ́n búra pé àwọn ò ní fi ọwọ́ ara àwọn ti ọmọ kankan sídìí ohunkóhun, ọmọ ni yóò bèèrè. Láti ìgbà tí o ti pé ọdún méje ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé, 'Ìyá Mọ́ṣúdù, ọmọ yìí ò tíì bèèrè o.' Èmi náà ní kí wọ́n ní sùúrù." Mo ní, "Èmi ń retí kí wọ́n pè mí ni. Ohun àgbà ni, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ọmọ tí a kọ́ dáadáa kì í na ọwọ́ sí ohun àgbà." Màmá ti ọsàn bọ̀ mí lápò, mọ́tò sì gbéra. A kọjá Kọ́bapẹ́, n kò tilẹ̀ rí i. Ọdún méjìlá, Bàbá. Ẹ jókòó nínú yàrá, ẹ ń retí pé kí n bèèrè. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń retí pé kí ẹ pè mí.

Síbẹ̀, mo pa ẹnu mọ́ fún oṣù kan. Ohun méjì ló ṣẹ́ mi lápá. Àkọ́kọ́ ni lẹ́tà Sàfúrátù. Ó ní Adépéjú kì í gba iwájú ilé wa mọ́, ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ló ń gbà. Ó ní òun bá a sọ̀rọ̀, ó sì fèsì pé, "Mo rò pé mo dẹ̀ ẹ́, àmọ́ ó jọ pé ọwọ́ mi ń parọ́ fún mi. N kò gbà á gbọ́ mọ́." Ó ní ẹ ti fi Láwàlì sí àyè rẹ̀ fún orin tí ẹ fẹ́ lọ gbà sílẹ̀. Ẹ̀yin mọ̀ mí. Ẹni tó máa ń ti ilẹ̀kùn tán tí yóò tún padà lọ fà á wò ni mí. N kò rò pé mo lè kó àìsàn yẹn ran ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dá a lójú tó bẹ́ẹ̀.

Ìkejì ni ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n kọ́ wa lọ́jọ́ Monday. Ẹ mọ̀ pé ìmọ̀ nípa igi àti ewéko ni mo ń kọ́. Olùkọ́ wa mú pákó pẹlẹbẹ méjì wá, ó ní igi tí a ti gé kò ṣíwọ́ mímu omi. Ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́, ó sì ń tú u sílẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, igi á sún kì. Tí nǹkan bá wá ń fà á lásìkò yẹn, yóò là. Gbogbo kíláàsì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi kò lè kọ ọ́. Ohùn yín ni mo ń gbọ́: òùngbẹ máa ń gbẹ wọ́n. Ohun tí mo rìn dé Ifẹ̀ wá kọ́, ẹ ti sọ ọ́ fún mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá yẹn pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

Ìbéèrè mi nìyí, Bàbá. Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù yìí lẹ máa lọ gba orin sílẹ̀ ní Ìbarà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ dá kọ́kọ́rọ́ Adépéjú padà fún un, kí ẹ sì fi í sí àyè rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Láwàlì bínú sí mi. Ó ti pẹ́ tó ti ń fi mí rẹ́rìn-ín. Bàbá Josiah ní òun lè fi góòmù àti ègé pákó dí ojú ibi tó là, pé yóò dún, bí ohùn rẹ̀ kò tilẹ̀ ní rí bí ti àtijọ́. Ẹ jẹ́ kó dí i. Kí ẹ sì fún Adépéjú ní Kùmásí bí ẹ ṣe pinnu. N kò fẹ́ kí ẹ rò pé mo ti di ẹni rere lójijì. Mo ṣì ń jowú rẹ̀. Tí mo bá fojú inú rí i pé ó gbé gìtá yẹn jáde nílé wa, àyà mi ń gbóná. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni.

Olújìmí ń lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, òun ni mo fi ìwé yìí rán kó má bàa pẹ́ lọ́nà. Èmi náà ń bọ̀ ní Friday, ogúnjọ́ oṣù. N óò kọ́kọ́ yà ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá Josiah, n óò dọ̀bálẹ̀ fún wọn, n óò sì fi ẹnu ara mi sọ fún Adépéjú pé ọwọ́ rẹ̀ kò parọ́ fún un. Lẹ́yìn náà n óò wá sílé, tí ẹ bá ṣì fẹ́ kí n wá sílé.

Kí Ọlọ́run Ọba má jẹ́ kí òùngbẹ ìfẹ́ gbẹ wá nínú ilé wa. Kí ìka yín má kú lórí okùn. Kí Ó dá ẹ̀mí yín àti ti Màmá sí, kí ẹ jẹ èrè gbogbo omi tí ẹ ti ń bu fún àwọn tí kò lẹ́nu àti àwọn tó lẹ́nu tí wọn kò là á. Àmín.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹ bí ní ọjọ́ tí Pupa wọlé,

Mọ́ṣúdù.

Àfikún: Ìwo pẹlẹbẹ tí ẹ wá káàkiri ilé wà nínú àpò ìwé yìí. Àkísà aṣọ ìbora mi ni mo fi wé e, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó kan bùbá funfun. Inú àpò ṣòkòtò mi ló wà láti ọjọ́ yẹn. Ìka mi ti mọ gbogbo ara rẹ̀.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi ní gìtá. Mo mọ̀ pé ẹ lè ní kí n padà wá lọ́la. N óò tún bèèrè ní Friday, n óò tún bèèrè ní ọjọ́ Saturday tí ẹ bá ti Ìbarà dé, bí òjò ń rọ̀, bí oòrùn ń ràn. Èyí ni ẹ̀ẹ̀kínní.